Gbèsè tí o lè san: ọ̀rọ̀ lórí yíyan ìgbèjà nínú ayò chess

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òbí àti olùkọ́ sọ ní Iléṣà láàárọ̀ Sátidé kan nìyí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ Iléṣà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ mọ́tò wá láti Ifẹ̀ àti Òṣogbo. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Mo rí i pé àga ò tó, àwọn ọmọdé ti jókòó sílẹ̀ níwájú. Ẹ forí jì wá. Inú mi dùn gan-an ni, torí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, bí wọ́n bá ní ká wá sọ̀rọ̀ nípa chess nílùú yìí, bóyá la ó fi rí èèyàn mẹ́fà.

Mo mọ ohun tó kó ọ̀pọ̀ yín wá sídìí ayò yìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Tunde Onakoya jókòó sí Times Square ní New York, ó ta chess fún wákàtí 60. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ìyá ti ń ra bọ́ọ̀dù chess fún ọmọ wọn bí wọ́n ṣe ń ra bọ́ọ̀lù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti mọ bí ẹṣin ṣe ń fò àti bí bíṣọ́ọ̀bù ṣe ń rìn, ìbéèrè kan ló máa ń gbé wá bá mi: “Sà, bí mo bá ń ta dúdú, ìgbèjà wo ló dáa jù?” Ìgbèjà ni ọ̀nà tí dúdú fi ń dáhùn ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ funfun.

Mo ti dáhùn ìbéèrè yẹn ní oríṣiríṣi ọ̀nà láti ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ, èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn mi ni kò sì tọ́. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń dárúkọ ìgbèjà tí mo bá fẹ́ràn lọ́sẹ̀ náà. Lónìí, ìbéèrè ni mo fi ń dá ìbéèrè lóhùn: irú gbèsè wo lo lè san?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, ẹ mọ Òṣómàáló. Bàbá ìyá mi wà lára wọn. Ó máa ń di aṣọ lẹ́rù láti Iléṣà, á gbé e lọ sáwọn ìlú Èkìtì, á tà á láwìn, wọn á sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí oníbàárà ò sanwó, bàbá ò ní pariwo, kò ní jà. Á kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. “Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi.” Ohun tí wọ́n sọ fún wa nílé ni pé bàbá mọ irú aṣọ tó yẹ kí òun tà fún irú èèyàn wo. Àgbẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbà kòkó nìkan ló ń rówó, kò ní fún un ní aṣọ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe pé aṣọ náà ò dáa. Bí ọkùnrin yẹn ṣe ń rówó ni kò bá a mu.

Ìgbèjà nínú chess kò yàtọ̀ síyẹn. Ẹni tó ń ta funfun ló ń kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀. Kí ẹni tó ń ta dúdú tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹnìkejì rẹ̀ ti ṣíwájú. Gbèsè àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń ta dúdú tó lè sá fún un. Gbogbo ohun tí à ń pè ní ìgbèjà, bí oníkálùkù ṣe fẹ́ san gbèsè yẹn ni. Ẹnìkan á ní òun á san án díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíràn á ní òun ò ní san kọ́bọ̀, kí olówó jáde síta kí àwọn jọ wọ̀yá ìjà.

Ẹ jẹ́ kí n fi han yín lórí bọ́ọ̀dù ńlá tó wà lára ògiri yìí, torí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é gbọ́ létí nìkan. Lẹ́tà a sí h ń dárúkọ ìlà bọ́ọ̀dù láti òsì sí ọ̀tún funfun, nọ́ńbà 1 sí 8 sì ń ka ilé láti ọ̀dọ̀ funfun lọ sọ́dọ̀ dúdú. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ dìde dúró kẹ́ ẹ lè rí i.

Funfun gbé pọ́ọ̀nù iwájú ọba rẹ̀ sí e4. Dúdú gbé tirẹ̀ sí e6. Ìgbèjà Faransé nìyẹn. Orúkọ náà wá láti inú ayò kan tí àwọn ará Paris àti àwọn ará London bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ta ní 1834, tí Paris fi ìgbèjà yìí ta, tí wọ́n sì jẹ. Funfun tún gbé d4, dúdú gbé d5. Funfun wá ti pọ́ọ̀nù rẹ̀ síwájú sí e5.

Ẹ wo bíṣọ́ọ̀bù dúdú tó wà ní c8 yìí. Ó fẹ́ jáde. Kí ló dí i lọ́nà? Pọ́ọ̀nù tirẹ̀ tó wà ní e6 ni. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ayò tí wọ́n ta tó ìgbésẹ̀ 30 tí bíṣọ́ọ̀bù yẹn ṣì wà ní c8, tí ayò parí tí kò fẹsẹ̀ kan ilé mìíràn. Gbèsè ìgbèjà Faransé nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í pa mọ́ fún yín.

Kí ló wá rí gbà? Ẹ wò ó: ní ìgbésẹ̀ tó kàn, dúdú gbé c5, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kọlu d4. Ní d4 yẹn ni gbòǹgbò gbogbo ohun tí funfun kọ́ síwájú wà. Ẹṣin dúdú á bọ́ sí c6, ayaba á bọ́ sí b6, gbogbo wọn á tẹjú mọ́ ilé kan ṣoṣo. Funfun ní ilẹ̀ púpọ̀ lápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n kò lè fi d4 sílẹ̀ kó máa rìn gbéregbère.

Ẹ jẹ́ ká kó o padà. Funfun gbé e4, dúdú dáhùn pẹ̀lú c6. Caro-Kann nìyí, orúkọ Horatio Caro àti Marcus Kann ni wọ́n fi sọ ọ́. Funfun d4, dúdú d5, funfun tún tì í sí e5. Ilé kan náà ni, àbí? Ṣùgbọ́n kò sí pọ́ọ̀nù ní e6. Bíṣọ́ọ̀bù wa jáde wẹ́rẹ́ sí f5, lẹ́yìn ìgbà tó jáde tán ni dúdú wá ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú e6. Ìyá ti wà lọ́jà kí wọ́n tó ti ilé.

Gbogbo ọmọ tó bá kọ́kọ́ rí èyí ló máa ń bi mí pé, “Sà, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń ta ti Faransé?” Ẹ wo pọ́ọ̀nù c. Dúdú ṣì nílò kó dé c5 kó tó lè kọlu d4. Ó ti lo ìgbésẹ̀ kan láti dé c6, ó tún máa lo òmíràn láti c6 sí c5. Ohun tí ti Faransé ṣe lẹ́ẹ̀kan, Caro-Kann ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bíṣọ́ọ̀bù tó sì ti jáde sí f5, funfun lè fi g4 àti h4 lé e kiri bí ẹni ń lé adìyẹ lágbàlá.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ọ̀kan fi bíṣọ́ọ̀bù san, èkejì fi àkókò san. Wolfgang Uhlmann ará Jámánì fi ìgbèjà Faransé dáhùn e4 fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò fẹ́ẹ̀ẹ́ ta òmíràn, ó sì fi bá àwọn tó lágbára jù lágbàáyé jà. Anatoly Karpov tó ti fìgbà kan jẹ́ ọba chess lágbàáyé fi Caro-Kann ta títí ó fi dàgbà. Kò sí èyí tó ṣìnà nínú àwọn méjèèjì. Oníkálùkù mọ gbèsè tí òun lè gbé sùn tí oorun á ṣì wọjú òun.

Bí mo bá ń kọ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní ìgbèjà Faransé, ogun Kírìjì ni mo fi ń ṣàlàyé fún un. Láti 1877 títí di 1893 ni wọ́n fi ja ogun yẹn. Àwọn Ìbàdàn wà níhà Ìgbájọ, Ògèdèǹgbé àti Èkìtìparapọ̀ wà níhà Ìmẹ̀sí, òkè àti àfonífojì wà láàárín wọn. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ ọdún méje tún kọjá kí àgọ́ tó tú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sẹ́ni tó lè ta ẹnìkejì kúrò lójú kan. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni oúnjẹ, ìbọn tó ń ti ẹ̀yìn wọlé, ọ̀nà tí ẹrù ń gbà, àti ọkàn tí kì í yára rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tí pọ́ọ̀nù bá ti há mọ́ra wọn láàárín bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ló rí. O ò lè fi ìbínú ṣí i. O gbọ́dọ̀ máa kó ẹrù rẹ lọ sí ibi tó yẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì mọ ilé tí ọ̀tá rẹ ò lè fi sílẹ̀. Ọmọ tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún láìjẹ nǹkan, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ìgbèjà Faransé á fìyà jẹ ẹ́.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí fún yín. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ n'Ífẹ̀, ìgbèjà Sísílì ló wù mí. Ta ni kò ní wù? Ìdáhùn c5 sí e4 ni. Bobby Fischer ta á, Garry Kasparov ta á, àwọn méjèèjì ti jẹ́ ọba chess lágbàáyé rí. Mo yan ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dragon, tí bíṣọ́ọ̀bù dúdú máa ń dúró sí g7 tí á máa wo bọ́ọ̀dù já láti igun dé igun. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi há ìgbésẹ̀ rẹ̀ sórí. Mo lè kà á fún yín lójú oorun.

Nínú ìdíje kan, ọmọkùnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ló ta funfun fún mi. Ó ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe sí Dragon: ó kó ọba rẹ̀ lọ sápá òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti pọ́ọ̀nù h síwájú, h4, h5. Ọba tèmi wà lápá ọ̀tún gangan níbi tí pọ́ọ̀nù yẹn ń bọ̀. Ìdíje eré sísá ni ayò bẹ́ẹ̀: ta ni yóò kọ́kọ́ fọ́ ilé ọba ẹnìkejì? Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ilé ìṣọ́ mi (rook) wà ní c8, ó ń wo ẹṣin rẹ̀ ní c3 lójú kòrókòró. Ó yẹ kí n fi ilé ìṣọ́ yẹn jẹ ẹṣin náà, kí n fi ńlá pààrọ̀ kékeré, kí pọ́ọ̀nù iwájú ọba rẹ̀ lè dàrú. Ó wà nínú ohun tí mo há sórí. Mo rí i. Mo wò ó fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ọwọ́ mi kọ̀.

Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé pọ́ọ̀nù kékeré kan sí a6, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ nígbà tí òrùlé ń jó. Ó ṣí ìlà h, ó fi bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa bíṣọ́ọ̀bù mi ní g7, ayaba rẹ̀ sì bọ́ sí h6. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta á mọ ohun tó kù.

Ìrònú tó bá mi délé lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣì ń rò títí dòní. Kì í ṣe pé n ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Sísílì ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tí kò jẹ́ kéèyàn san díẹ̀díẹ̀. Pọ́ọ̀nù c lo fi gba pọ́ọ̀nù d lọ́wọ́ funfun, èrè ńlá ni, torí pọ́ọ̀nù àárín bọ́ọ̀dù níyì ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Àmọ́ àwọn ọmọ ogun funfun ti jáde tán nígbà tí tìrẹ ṣì wà nílé. Ó máa ń dé ojú kan tí wàá ní láti fi nǹkan ńlá sílẹ̀ láìmọ̀ bóyá wàá rí i gbà padà. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èmi, ẹnu àáké ni mo máa ń wò. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Mo gba Caro-Kann lọ́dún tó tẹ̀ lé e, n ò sì tíì fi í sílẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò tíì gbówọ́ nìkan ni. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún 1997, Kasparov jókòó síwájú Deep Blue, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ IBM, fún ayò kẹfà tó kẹ́yìn. Ọ̀mì ni wọ́n ṣì wà. Èèyàn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ Sísílì, tó jẹ́ pé níbi tí ìjà ti gbóná ni inú rẹ̀ ti ń dùn, ó dáhùn e4 pẹ̀lú c6. Caro-Kann! Kò fẹ́ bá ẹ̀rọ jà ní gbangba níbi tí ẹ̀rọ á ti máa ṣírò. Ní ìgbésẹ̀ keje, ó gbé pọ́ọ̀nù kékeré kan sí h6, kó fi lé ẹṣin funfun tó wà ní g5. Ẹṣin náà ò sá padà. Ó fò wọ e6, ó fi ara rẹ̀ rúbọ, ọba Kasparov sì há sáàárín bọ́ọ̀dù. Ìgbésẹ̀ 19 ni ayò parí, ó pàdánù gbogbo ìdíje náà. Aṣọ à-yá-wọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lápá, á ṣoni lẹ́sẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní London, òdì kejì ọ̀rọ̀ yìí ló ṣẹlẹ̀ sí Kasparov kan náà. Vladimir Kramnik fẹ́ gba adé lọ́wọ́ rẹ̀, adé tó ti wà lórí rẹ̀ láti 1985. Kramnik mú ìgbèjà Berlin jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti pa tì. Nínú rẹ̀, wọ́n máa ń pa ayaba ara wọn ní ìgbésẹ̀ kẹjọ, ọba dúdú ni yóò sì fúnra rẹ̀ gba ayaba funfun, kò sì ní lè sá wọ abẹ́ odi mọ́, ìyẹn kí ọba àti ilé ìṣọ́ jọ gbé ẹsẹ̀ kan náà kí ọba lè bọ́ sí kọ̀rọ̀. Gbèsè ńlá nìyẹn! Olùkọ́ tó bá rí ọmọ tó fi ọba rẹ̀ sí d8 báyẹn lè fi etí fà á. Ṣùgbọ́n Kramnik mọ ara rẹ̀: bí kò bá sí ayaba lórí bọ́ọ̀dù, ọkàn òun á balẹ̀, òun á lè fi sùúrù tún ilé òun ṣe. Ó tún mọ Kasparov: bí kò bá sí ayaba, idà rẹ̀ ti bọ́. Ayò 15 ni wọ́n ta. Kramnik jẹ méjì, wọ́n ta ọ̀mì 13, kò pàdánù ọ̀kan.

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ mọ ìtàn méjèèjì yìí lórí. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin kan náà ló wà nínú wọn.

Báwo wá lẹ ṣe máa mọ ara yín? Ẹ má bi ara yín léèrè pé irú atayò wo lẹ fẹ́ jẹ́. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ jẹ́ akọni. Ẹ gbé ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ ìgbésẹ̀ yín jáde. Ẹ mú ogún ayò tẹ́ ẹ pàdánù, èyí tẹ́ ẹ jẹ ò sọ púpọ̀. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlà kan péré: ibo ni ọkàn mi ti kúrò nínú ayò yìí? Ẹnìkan á rí i pé ìgbà tí wọ́n bá ti ń kọlu ọba òun ni òun ti ń gbọ̀n. Ẹlòmíràn á rí i pé òun ò bẹ̀rù ìjà, ìgbà tí bọ́ọ̀dù bá dákẹ́ rọ́rọ́ ni òun máa ń ṣe ohun tí kò yẹ, torí ọwọ́ òun ò gbélẹ̀. Ẹ wo aago náà. Ta ló máa ń kánjú? Ta ni aago máa ń pa? Ẹ tún bi ara yín pé, nígbà tí wọ́n bá pa ayaba ara wọn kúrò, ṣé ara tù yín ni, àbí ó dà bíi pé wọ́n ti pa iná ìnàwó? Ìdáhùn sí èyí nìkan ti yan ìdajì ìgbèjà fún yín.

Àwọn bàbá wa mọ ọ̀rọ̀ yìí nídìí ọpọ́n ayò kí chess tó dé ilẹ̀ yìí. Ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ó dọ́gba fún gbogbo èèyàn. Síbẹ̀ ẹnìkan á máa kó odù jọ sílé kan, á máa fi ọgbọ́n sún un síwájú, kò ní jẹ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, títí yóò fi tú u yí ọpọ́n ká. Ẹlòmíràn á máa jẹ méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ nírọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ kí ọ̀ta, tẹ́ ẹ kí ọ̀pẹ, ọ̀nà tí ọ̀ta kọ̀ọ̀kan fi di ọ̀ta yàtọ̀ síra.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ: àkókò tẹ́ ẹ ní. Ẹ̀ka Sísílì tí wọ́n ń pè ní Najdorf jẹ́ òkun. Ẹni tó bá fẹ́ ta á gbọ́dọ̀ máa kàwé rẹ̀ lóṣooṣù. Ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC, tó tún ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́, ibo ló ti fẹ́ rí àkókò yẹn? Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn tí mo ń kọ́ tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní ọjà Atákúnmọ́sà. E5 ló fi ń dáhùn e4, òun náà ni mo kọ́ ọ, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ìgbèjà yẹn ní gbèsè tirẹ̀: funfun ló ń yan ibi tí ìjà á gbà. Lónìí wọ́n á fi bíṣọ́ọ̀bù wo f7 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba dúdú, lọ́la wọ́n á fi pọ́ọ̀nù rúbọ, lọ́túnla wọ́n á gbé bíṣọ́ọ̀bù lọ sí b5. O gbọ́dọ̀ mọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ yìí ń kú lórí f7 léraléra, ó sì ń sunkún.

Mo lọ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Oníbàárà kan ń ná ata, ó ń bú, ó ń lọ, ó ń padà. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń to ata náà padà sínú abọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí obìnrin náà fi san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè é fún un. Mo ní, áà, Caro-Kann lọmọ yìí. Mo kọ́ ọ ní c6 lọ́sẹ̀ yẹn. Ìwé tó ní láti kà kò pọ̀, bí ilé rẹ̀ ṣe máa ń rí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó ń pàdánù o, gbogbo wa là ń pàdánù, ṣùgbọ́n kò tún kú ní ìgbésẹ̀ kẹwàá mọ́. Ó ń bá wọn dé òpin ayò, ibẹ̀ ló sì ti ń gbowó rẹ̀.

N ò ní pẹ́ lórí d4, ìyẹn bí funfun bá fi pọ́ọ̀nù iwájú ayaba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá ti mọ gbèsè tirẹ̀ lórí e4 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ tibí. Ẹni tó ń ta Caro-Kann, kó kọ́ Slav, níbi tí c6 àti d5 tún ti jọ dúró; ilé kan náà ni, àdúgbò ló yí padà. Ẹni tó ń ta ti Faransé, kó kọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ Queen's Gambit, ìyẹn pọ́ọ̀nù c tí funfun fi ń tanni, pẹ̀lú d5 àti e6. Bíṣọ́ọ̀bù c8 yẹn náà lẹ ó tún jọ máa tọ́. Ẹni tó fẹ́ràn ìjà, King's Indian ń dúró dè é: á jẹ́ kí funfun gba gbogbo àárín bọ́ọ̀dù, á wọ abẹ́ odi, lẹ́yìn náà ni á wá fi e5 àti f5 dìde. Àyè á há a gan-an kó tó dìgbà yẹn, kó má yà á lẹ́nu. Dutch, ìyẹn f5 lójú ẹsẹ̀, ó ń tú ilé ọba sílẹ̀ díẹ̀; mo máa ń ní kí ọmọ dúró ná. Scandinavian, e4 kí o dáhùn d5, ló rọrùn jù láti kọ́, ṣùgbọ́n ayaba rẹ á jáde síta láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹṣin funfun á sì máa lé e.

Ẹ̀yin ọmọ kékeré tó wà níwájú, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣì ń fi ẹṣin sílẹ̀ lófìfo lẹ́ẹ̀mejì nínú ayò kan, ẹ má tíì yan ìgbèjà kankan. Kò sí ìgbèjà tó lè gba ẹni tó ń fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá ta e4, ẹ ta e5. Bí wọ́n bá ta d4, ẹ ta d5. Ẹ tètè kó ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù jáde, ẹ fi ọba sábẹ́ odi, ẹ wo ohun tí ẹnìkejì fẹ́ jẹ kẹ́ ẹ tó gbé ọwọ́. Ọdún kan báyẹn á kọ́ yín ju ìwé mẹ́wàá lọ. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ti ra fídíò Najdorf fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e pamọ́ fún un, kò ní bàjẹ́.

Màmá kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé pé, bí ọmọ òun bá yan ọ̀kan tán, ṣé kò lè yí padà mọ́ ni? Ó lè yí i padà, Mà. Ṣùgbọ́n kó má yí i padà torí pé ó pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta. Kó fi ta ayò tó pọ̀, kó mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ gan-an. Bó bá jẹ́ ibi kan náà ló ń ta á ní gbogbo ìgbà, tí kò sì lè fara dà á, nígbà náà kó bọ́ ọ. Bó bá sì jẹ́ pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì mọ́ bàtà.

Bọ́ọ̀dù 14 wà lórí tábìlì lẹ́yìn yẹn. Àwọn àgbà ló máa ta funfun, àwọn ọmọ ló máa ta dúdú. Ẹ̀yin ọmọ, mo fẹ́ kẹ́ ẹ ta e6 nínú ayò àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì ta c6 nínú èkejì, láìwo ẹni tó jẹ. Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ayò méjèèjì, ìgbésẹ̀ tí ọkàn yín ti kọ́kọ́ dà rú. Màá máa yí ká, màá kà á. Bàbá tó wà nídìí fèrèsé yẹn, ẹ wá bá mi jókòó síbí, wọ́n ní ọ̀ta ayò ni yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú funfun, ẹ gbé e4.